Ọ̀gá Funfun àti Jíìpù Tó Ń Pàfọ̀

Ẹnu ọ̀nà kan náà ni ìríra àti ìfẹ́ gbà wọ ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Funfun, ọjọ́ kan náà sì ni. Ìríra ló kọ́kọ́ wọlé.

Aránṣọ ni Ọ̀gá Funfun. Aṣọ funfun nìkan ló ń rán: ẹ̀wù nọ́ọ̀sì, ẹ̀wù dókítà, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni àdúgbò ti sọ ọ́ lórúkọ yẹn, àmọ́ kì í ṣe aṣọ nìkan ló fà á. Bí eṣinṣin bá bà lé etí ife tíì rẹ̀, yóò da tíì nù, yóò fọ ife, yóò wá lọ fọ ọwọ́ ara rẹ̀, àfi bíi pé òun gan-an ni eṣinṣin náà bà lé. Ó ti lé ní ogójì ọdún dáadáa, kò sì láya. Obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n mú wá fún un ń fi ìka yọ ẹran láàárín eyín. Èkejì gé èékánná ẹsẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó sá fún àwọn méjèèjì. Ìyá rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, yìn ín fún un.

“Ọmọ tí mo fi ọṣẹ tọ́,” ni ìyá náà máa ń wí, “ẹlẹ́gbin kan ò ní fi ṣe ọkọ.”

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án tí kò bá sí oníbàárà, ẹ̀rù máa ń ba ọkùnrin náà. Á wo ẹ̀rọ ìránṣọ, á wo ìyá rẹ̀ tó ń tòògbé lórí àga, á wá bi ara rẹ̀ pé: tí àga yẹn bá ṣófo, ta ló kù? Á tún mú abẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, jíìpù kan wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó lè mọ àwọ̀ rẹ̀. Ẹrẹ̀ ti gbẹ lé ẹrẹ̀, bọ̀tọ̀ màlúù ti gbẹ lé e lórí, koríko sì yọ jáde níwájú rẹ̀ bí irùngbọ̀n àgbà tí kò rí ẹni tọ́jú. Obìnrin kan bọ́ sílẹ̀, bàtà rọ́bà dé orúnkún. Kó tó débẹ̀, òórùn rẹ̀ ti débẹ̀: ẹ̀jẹ̀, wàrà tó ti kan, àti ohun kan bí ẹyin tó bàjẹ́.

“Ẹ ǹlẹ́ o, ọ̀gá. Màlúù fi ìwo ya ọ́fáróòlù mi.”

“Kí ni... kí ló wà lára ẹ̀ yẹn?”

“Olóbi ni. Màlúù bímọ láàárọ̀, olóbi kọ̀ kò jáde, mo bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.” Ó fi ibi tí ọwọ́ náà wọlé dé hàn án. Èjìká ni.

Èébì gun Ọ̀gá Funfun dé ọ̀fun. Ó gbé e mì. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sórí tábìlì mi!”

“Mo mọ̀. Mo ti rí i pé funfun ni gbogbo ibẹ̀ yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi dúró síta. Èmi ni dókítà ẹran. Tí ẹ bá ní kí n lọ fọ̀ ọ́ ná, màá lọ fọ̀ ọ́.”

Ọ̀gá Funfun wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Lóòótọ́, bàtà rọ́bà náà kò kọjá ìloro. Inú oòrùn ló dúró sí, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Àwọn oníbàárà mìíràn a máa fi ọwọ́ tí wọ́n fi jẹun fa aṣọ aláṣọ. Eléyìí rùn bí òkú, ó sì mọ ibi tó yẹ kí òun dúró.

“Ẹ gbé e sílẹ̀,” ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹnu ló sọ ọ́ o, òun kọ́.

Igi ló fi gbé ọ́fáróòlù náà. Ó sè é, ó da omi nù, omi náà rí bí omi tí wọ́n fi fọ ẹ̀dọ̀. Ó tún un sè. Ó ń tutọ́, ó ń ráhùn. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń rán ojú ibi tó ya, ó rí i pé òun ń rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́, aṣọ náà tún ya. Ó tún ya. Àbúrò Ọ̀gá Funfun obìnrin, onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ tirẹ̀, ló kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kóòmù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, irú ìwo màlúù wo ló ń ya aṣọ gbọọrọ lójú ìránṣọ báyìí? Abẹ ni Dókítà fi ń tú u!”

“Má parọ́ mọ́ ọlọ́mọge.”

“Ọlọ́mọge kẹ̀! Ẹgbẹ́ yín ni. Mo ti bá a sọ̀rọ̀. Ó ní tí ẹ bá fẹ́ rí òun, kí ẹ wọ ọkọ̀, òun kì í ráyè jókòó síbì kan.”

Bí Ọ̀gá Funfun ṣe wọ jíìpù náà nìyẹn. Kí n má fi bò, ojú rẹ̀ rí nǹkan. Irun màlúù lẹ̀ mọ́ àga bí àwọ̀. Àkísà kan wà nílẹ̀ tí ọ̀rá ti mu dé ibi pé ó lè dá dúró. Kápẹ́ẹ̀tì tutù, ó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ ẹni tó ti kú. Lẹ́yìn, ohun kan ń mì nínú ike aláwọ̀ ewé. Ó pinnu pé òun ò ní bèèrè. Ó tẹ́ áńkáṣíìfù sórí àga, ó jókòó lé e bí ẹyẹ.

“Ẹ jókòó dáadáa o,” Dókítà ní. “Ẹ ò ní í fò lọ.”

Nígbà tí wọ́n dé etí ẹrẹ̀, ó dúró. “Ibí la ti ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i, kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jọ máa fà, ká tó wọnú ẹ̀. Ẹni tó bá rì tán kó tó rántí, ó ti pẹ́ jù. Tí a bá sì padà sórí títì, ká yọ ọ́ kíá. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí ilẹ̀ líle, ara ọkọ̀ ló ń fà ya.” Ó bọ́ sílẹ̀, ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ jáde nínú táyà. “Táyà tó le máa ń walẹ̀ ni, á gbẹ́ ibojì fún ara ẹ̀. Tó bá rọ̀ díẹ̀, á fẹ̀, á rìn lójú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá délé, ẹ dá afẹ́fẹ́ ẹ̀ padà fún un o.”

Lẹ́yìn ìgbà bíi mélòó kan, ó ní kí Ọ̀gá Funfun wa ọkọ̀ náà. Sítíárìn ń yọ̀ fún ọ̀rá. Bó ṣe dì í mú, obìnrin náà gbá a lọ́wọ́.

“Yọ àtàǹpàkò ẹ síta! Má fi wọ inú sítíárìn. Tí táyà bá kọ lu òkúta, ó máa yí bìrí, ó sì máa ṣẹ́ ìka ẹ. Aránṣọ tí kò ní àtàǹpàkò, kí ló máa jẹ?”

“Ìyá mi á máa fi ṣíbí bọ́ mi.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín dé ibi pé ó di ikùn mú. Ọ̀gá Funfun wo àtàǹpàkò tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì bẹ̀rù nítorí rẹ̀ rí.

Níbi odò, Dókítà ní ọkọ̀ kì í wọ omi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò tíì wọ̀. Ó fún un ní ọ̀pá, wọ́n jọ fi ẹsẹ̀ wá ìsàlẹ̀. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò rọ̀, ó ń yọ wọ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ bí nǹkan tí ẹnìkan ti jẹ tì. Nígbà tí wọ́n jáde, eṣúṣú kan dúdú, ó sanra, ó lẹ̀ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ké. Dókítà fi èékánná ṣí i kúrò, ó jù ú nù.

“Ó kàn tọ́ ẹ wò ni,” ó wí. “Èmi náà mọ̀ pé o dùn.”

Ọ̀gá Funfun bì sẹ́yìn táyà. Ibẹ̀ ló wà, ẹnu rẹ̀ ń korò, tó ti mọ̀ pé òun ti wọ gàù: kò sí ibòmíràn tó wu òun láti wà.

Ìyá rẹ̀ kò gbà.

“Ẹlẹ́dẹ̀ ń pàfọ̀, ó rò pé òun ń ṣoge! Jíìpù tó rí bẹ́ẹ̀ yẹn ni wọ́n fẹ́ fi gbé ìyàwó wọlé mi? Ọwọ́ tó ń ki bọ ìdí màlúù ló máa fi bu oúnjẹ fún mi?”

“Màmá, ó ń fọ ọwọ́.”

“Wọ́n ń fọ èédú náà. Ó ti funfun rí?”

Onídìrí ló bá wọn dá sí i. Ó bẹ ìyá, ó bẹ̀ ẹ́ títí. Ìyá ní ó dáa, kí obìnrin náà wá kí òun. Ṣùgbọ́n bí òun bá rí ẹrẹ̀ bí ó ti wù kó kéré mọ lára ọkọ̀ yẹn lẹ́nu ọ̀nà òun, kó yáa yí i padà.

Ọjọ́ tí àbẹ̀wò náà ku ọ̀la, Dókítà ti oko kan dé, ó sùn bí òkúta. Ọ̀gá Funfun gba kọ́kọ́rọ́. Ó fẹ́ ya ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lẹ́nu. Ó fọ jíìpù náà lókè, ó fọ inú, ó wá dùbúlẹ̀ sórí ẹní ike, ó wọ abẹ́ rẹ̀. Ohun tó rí níbẹ̀! Eégbọn tó ti gbẹ, egungun ẹyẹ, ẹrẹ̀ tó ní ìdin nínú. Ó ha gbogbo rẹ̀ kúrò, ojú rẹ̀ ń da omi. Nígbà tó parí, ó wá rí àwọn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin kan tó gùn sókè láti ara irin tó so táyà pọ̀. Ẹnu wọn ṣí sílẹ̀. Ọ̀rá dúdú gbá jọ sí ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí imú ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò fọn fún. Ó nù wọ́n. Ó tún wò: ihò ṣì ni, ó ṣì ń wo òun.

Aránṣọ kì í fi ojú ihò sílẹ̀. Ó lọ gé aṣọ tí omi kì í wọ̀, ó rán fìlà kéékèèké fún wọn, ìránṣọ wọn ṣe rẹ́gí, ó fi òwú onílọ̀ọ́po dè é pinpin. Ó rẹwà. Ojú tì í láti sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún obìnrin tó ń ki ọwọ́ bọ màlúù, kò bá sọ.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá fi áńkáṣíìfù funfun nu ara ọkọ̀ yíká. Áńkáṣíìfù kò yí àwọ̀ padà. Ó ní òun fẹ́ bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ ní yàrá òun, àwọn méjèèjì nìkan. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, ojú ìyá pọ́n, Dókítà gbé àpò iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, àpò náà kún ju bó ṣe wọlé lọ.

“Ẹ fẹ́ra yín,” ìyá wí, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. “Ẹ tètè ṣe é.”

Ọ̀gá Funfun gbà pé ìmọ́tótó òun ló ṣe é. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó jogún.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ náà, Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn. “Ọ́ìlì ń sun níbí. Kí ló fà á? Kò jò rí.” Ó gbójú sókè. “Nígbà tí o fọ̀ ọ́, o ò fọwọ́ kan nǹkan kan, àbí?”

Àwọn fìlà náà kọjá lọ́kàn rẹ̀. Tí òun bá sọ ọ́, Dókítà máa fi òun rẹ́rìn-ín. Tàbí kó bínú, kó máa lọ. “Rárá,” ó ní. “Mo kàn fọ̀ ọ́ ni.”

Nígbà tí wọ́n tún pe Dókítà sí oko kan lẹ́yìn òkè, wọ́n jọ lọ. Ọ̀nà gbóná, ó jìn. Níbi tí òkè ti dà sísàlẹ̀ sí oko náà, Dókítà tẹ bíréèkì. Bíréèkì le lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, ọkọ̀ sì ń lọ. Òórùn ọ́ìlì tó ń jóná gba inú rẹ̀.

“Àtàǹpàkò!” ló pariwo. Òun ló ń wa ọkọ̀, ọkùnrin náà kò tilẹ̀ di nǹkan kan mú. Kò yọ jíà. Ó ti fi jíà kékeré sí i kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, ẹ́ńjìnnì ń ké, ó ń fà wọ́n sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò tó. Ògiri wà níwájú, àwọn màlúù wà lápá ọ̀tún. Lápá òsì ni kòtò tí wọ́n ń da ìgbẹ́ màlúù sí. Ó yí sítíárìn sí òsì.

Ọkọ̀ wọ inú rẹ̀ bí ṣíbí tí ń wọ oúnjẹ. Ó dúró. Ìgbẹ́ náà gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó gun orúnkún. Ìfófòó ń yọ lójú rẹ̀, eṣinṣin dìde bí èéfín. Ọ̀gá Funfun fẹ́ kígbe, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá la ẹnu, á wọlé.

“O fara pa?” Dókítà bi í.

Ó mi orí pé rárá.

Obìnrin náà wọ́ jáde, ó ki ọwọ́ sí abẹ́ ọkọ̀, ó ń fọwọ́ wá kiri. Ọwọ́ náà dúró. Nígbà tó fà á jáde, fìlà kékeré kan wà níbẹ̀, ìránṣọ rẹ̀ ṣì ṣe rẹ́gí nínú ẹ̀gbin.

“Ibi tí ọkọ̀ ti ń mí nìyí,” ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Tí ọ́ìlì bá gbóná, afẹ́fẹ́ á wú nínú irin, ibí ló ń gbà jáde. O dí i. Ó wá ti ọ́ìlì gba ìdí táyà jáde sára bíréèkì.”

“Mi ò mọ̀. Ó... ó rí ẹlẹ́gbin ni. Mo rò pé mo ń tọ́jú ẹ̀.”

“Pé o ò mọ̀, ìyẹn ò dun mí. Mo bi ẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo ojú ẹ, mo bi ẹ́.” Ó wò ó láti orí dé ibi tí ìgbẹ́ ti gbé e mì, ó sì ṣe ojú kan tí Ọ̀gá Funfun kò rí i kó ṣe sí nǹkan kan rí, ì báà jẹ́ ìdin, ì báà jẹ́ olóbi. Ọkùnrin náà rí i lára. “Ìgbẹ́ yìí, omi á fọ̀ ọ́ lọ. Èmi náà máa dàgbà. Màá ṣàìsàn, nǹkan á máa jáde lára mi. Ṣé wàá rán fìlà fún mi, kí o sì ní o ò fọwọ́ kàn mí?”

Obìnrin náà na ìka sí abẹ́ ọkọ̀.

“Mẹ́ta kù. Èmi ò ní bá ẹ yọ wọ́n. Wọlé.”

Ó wọlé. Ó di imú, ó dijú, ó ki orí sí abẹ́ jíìpù nínú kòtò náà, ìgbẹ́ gbá a létí, ó wọ̀ ọ́ níbi tí mi ò ní dárúkọ. Òwú tó fúnra rẹ̀ dè kò tú. Eyín ló fi já ìkẹyìn. Ó bì, ó tún padà wọlé. Nígbà tó jáde pẹ̀lú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́, obìnrin náà ti ń rìn lọ síbi tí màlúù aláìsàn wà. Kò wẹ̀yìn.

“Lọ bi ìyá ẹ ohun tó mú un gbà,” ló fi sílẹ̀ fún un. “Kì í ṣe ọkọ̀ tó mọ́.”

Ó fẹsẹ̀ rìn délé. Àwọn ènìyàn ń bọ́ sí òdìkejì ọ̀nà, ajá nìkan ló tẹ̀ lé e. Ìyá rẹ̀ wà ní ìloro. Ó gbé ọwọ́ sókè láti bo imú, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ kalẹ̀.

“Màmá, kí ló mú yín gbà?”

Ìyá náà wo ọmọ rẹ̀ tí ìgbẹ́ ń kán lára rẹ̀ sí ìloro. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kó lè sọ ọ́.

“Ó pẹ́ tí mi ò ti lè di ìtọ̀ mú mọ́, ọmọ mi. Nígbà míì, kì í ṣe ìtọ̀ nìkan. Àwọn aṣọ tó bá bà jẹ́, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mò ń kó wọn sí títí o fi máa jáde. Obìnrin yẹn wọ yàrá mi, ó mí sínú lẹ́ẹ̀kan, ó mọ̀. Kò bo imú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó kó wọn sínú àpò ẹ̀, ó ń sọ fún mi nípa màlúù kan tó máa ń ta ẹni tó bá kọrin níwájú ẹ̀ nípàá. Ó dá wọn padà fún mi ní fífọ̀. Ó ní kí n sọ fún ẹ. Mo ní láéláé.”

“Kí ló dé?”

“Ojú ẹ ni. Mi ò fẹ́ rí ojú tí wàá ṣe.”

Ọ̀gá Funfun kò mọ ojú tí òun ń ṣe nígbà náà. Ó bi ìyá rẹ̀ bóyá aṣọ kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì báyìí. Ìyá ní ó wà.

Ó wẹ̀ lẹ́yìnkùlé, lẹ́yìn náà ó gbé bàsíà, ó wọ yàrá. Ohun tó fà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà ti lẹ̀ pọ̀, ó gbóná láàárín. Funfun ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Òun ló rán wọn.

Ó ti di ìrọ̀lẹ́ nígbà tí katakata oko wọ́ jíìpù náà kọjá lójú títì, Dókítà sì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, nínú bàtà rọ́bà rẹ̀, láti wo bí ìyá ṣe ń ṣe sí. Ó bá ọkùnrin náà lórí àpótí, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú bàsíà dé ìgúnpá, kò wọ ìbọ̀wọ́. Omi náà ní àwọ̀ tí kò yẹ kí omi ní. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè.

“Má ràn mí lọ́wọ́,” Ọ̀gá Funfun wí.

Obìnrin náà da korobá dojú dé, ó jókòó lé e.

“Mo purọ́ fún ẹ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Mo ṣì rí ẹ lára?”

“Díẹ̀.”

“Ṣé wàá fẹ́ mi?”

“Fọ̀ ọ́ tán ná.”

Ọ̀gá Funfun yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bì, ó fi èjìká nu ẹnu, ó sì ki ọwọ́ padà sínú omi náà. Ó fọ̀ ọ́ títí. Nígbà tó gbójú sókè, obìnrin náà ṣì jókòó síbẹ̀.